Kérésìmesì Ilẹ̀ Mìíràn Nínú Ilé Yín: Ọjọ́, Ààwẹ̀ àti Ohun Tó Máa Ń Bàjẹ́

Ìbéèrè: "Ìdílé mẹ́rin ni wá, ọmọ wa jọ ń lọ sí iléèwé kan náà. Lọ́dún yìí a fẹ́ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú orílẹ̀-èdè kan, kó ṣe Kérésìmesì bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe é nínú ilé wọn, kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ń kà kò ju 'níbí wọ́n ń jẹ èyí, lọ́hùn-ún wọ́n ń jẹ tọ̀hún' lọ. Ilẹ̀ wo la lè mú tí kò ní dà bí eré orí ìtàgé? Ìgbà wo la óò bẹ̀rẹ̀ ìpalẹ̀mọ́, kí ló sì máa ń bàjẹ́?" Ìyá Ìbejì ló béèrè.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, Ìyá Ìbejì. Àwọn tí ẹ ka ìwé wọn kò purọ́, oúnjẹ ni ojú àlejò kọ́kọ́ ń rí. Àmọ́ ẹni tó bá ti orí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wádìí nípa ilẹ̀ yòówù tí ẹ bá mú: ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe ọdún náà nínú ilé, kí ni wọ́n ń gbààwẹ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, ta sì ni wọ́n ń sọ fún ọmọdé pé ó mú ẹ̀bùn wá. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ààwẹ̀ ni wọ́n máa ń fò dá jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló pinnu ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò wọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọjọ́ ná. Ní Póláńdì, Jámánì, Dẹ́nmáàkì, Swídìn àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Látìn Amẹ́ríkà, alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ni ọdún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ 25 tó mọ́, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, ilé ti pa rọ́rọ́. Ohun tó fà á ni pé Ìjọ àtijọ́ ń ka ọjọ́ bí àwọn Júù ṣe ń kà á: bí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ tuntun ti dé. Ní Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà, ojúmọmọ ọjọ́ 25 ni. Ní Rọ́ṣíà, Sábíà àti Ethiópíà, ó di ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní. Kì í ṣe pé Rọ́ṣíà àti Sábíà yan ọjọ́ mìíràn o. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ni lójú tiwọn, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ayé Júlíọ́ọ̀sì Késárì ni ìjọ wọn ń lò, ọdún kàlẹ́ńdà yẹn sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 gùn ju ọdún oòrùn lọ. Ìṣẹ́jú 11 lọ́dọọdún ń di odindi ọjọ́ kan láàárín nǹkan bí ọdún 128. Nígbà tí Póòpù Gregory Kẹtàlá tún un ṣe ní 1582, àwọn ìjọ wọ̀nyí kò bá a lọ. Ọjọ́ 13 ni wọ́n fi ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn lónìí. Ukréìn fi òfin kó tirẹ̀ wá sí ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ní 2023. Àwọn ará Armẹ́níà ní tiwọn ń ṣe ìbí Jésù àti ìrìbọmi rẹ̀ pọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn yín ni pé ọjọ́ ilẹ̀ mẹ́rin kò ní láti kọlu ara wọn. Bó bá jẹ́ èmi ni, n óò fún ìdílé kan ní Fílípíìnì tàbí Mẹ́síkò, kí wọ́n ṣe tiwọn ní alẹ́ kan láàárín ọjọ́ 16 sí 23. Ìdílé kejì á mú Póláńdì tàbí Dẹ́nmáàkì ní àṣálẹ́ ọjọ́ 24. Ìkẹta á mú Ìlú Ọba ní ọ̀sán ọjọ́ 25. Ìkẹrin á mú Ethiópíà ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí ẹlòmíràn ti ń tú ohun ọ̀ṣọ́ palẹ̀. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì kan lálẹ́ ọjọ́ kan. Tábìlì Póláńdì tí ẹran adìẹ bá wà lórí rẹ̀ ti kúrò ní ti Póláńdì.

Láàárín Póláńdì àti Dẹ́nmáàkì, ọjọ́ orí àwọn ọmọ ni kí ẹ fi yàn. Bí wọ́n bá ti lè jókòó jẹun fún wákàtí kan ààbọ̀ láìsá kiri, Póláńdì ni. Bí wọ́n bá ṣì kéré, Dẹ́nmáàkì.

Alẹ́ Póláńdì yìí ni wọ́n ń pè ní Wigilia, ìyẹn ìṣọ́ òru. Láti 2025 ni òfin ibẹ̀ ti sọ ọjọ́ 24 di ọjọ́ ìsinmi. Kó tó dìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ti ibi iṣẹ́ sáré wá sídìí ìkòkò. Ààwẹ̀ ọjọ́ náà ni pé wọn kì í fẹnu kan ẹran. Ìjọ Àgùdà kò fi í ṣe dandan mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé kò jáwọ́ nínú rẹ̀. Kò sí ẹran, kò sí ọ̀rá ẹran, kò sí omi ẹran nínú ọbẹ̀. Ibi tí àlejò tó ń sè é máa ń ṣubú sí nìyẹn: ẹja á wà lórí tábìlì lóòótọ́, máàgì adìẹ á sì wà nínú ọbẹ̀.

Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀kúnwọ́ koríko gbígbẹ kan sábẹ́ aṣọ tábìlì funfun, nítorí ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ Jésù sí. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Bó bá gun òkìtì níbì kan, gbogbo ife tó bá bọ́ síbẹ̀ á dànù kí ọbẹ̀ tó dé. Wọ́n á fi àwo kan lé e ju iye ènìyàn lọ, pẹ̀lú àga àti ṣíbí rẹ̀, fún àlejò tí ẹnikẹ́ni kò retí. Lẹ́yìn náà wọ́n á rán ọmọ tó kéré jù sójú fèrèsé, kó máa ṣọ́ ìràwọ̀ àkọ́kọ́. Ní Warsaw, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù lásìkò yẹn, nítorí náà ìràwọ̀ kì í pẹ́ dé. Níbi tí ilẹ̀ kì í bá tètè ṣú, ẹ fún àwọn ọmọ ní nǹkan fi panu ní aago mẹ́rin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹkún ni wọn óò fi pàdé ìràwọ̀.

Lẹ́yìn ìràwọ̀ ni opłatek. Àkàrà pẹlẹbẹ tí kò ní ìwúkàrà ni, ìyẹ̀fun àti omi lásán, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà, àwòrán ìbí Jésù sì hàn lára rẹ̀. Ó jọ èyí tí àlùfáà ń lò nínú Máàsì, ṣùgbọ́n wọn kò yà á sí mímọ́. Olúkúlùkù á mú ọ̀kan lọ́wọ́, á lọ bá ẹnì kejì, á bu kékeré lára ti onítọ̀hún, onítọ̀hún á bu lára tirẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà fún ara wọn lójúkojú, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á lọ bá ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí a ń fò, ìyàwó ilé àti ìyá ọkọ tí wọn kò sọ̀rọ̀ láti oṣù Kẹfà pàápàá. Ẹ ṣírò rẹ̀ o: bí ẹ bá jẹ́ 16 nínú ilé, ìpàdé ẹni méjì-méjì tó máa wáyé jẹ́ 120. Bí gbogbo yín tilẹ̀ ń rìn lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní dín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nítorí náà, ẹ má bu ọbẹ̀ sínú àwo kí ó tó parí. Bí ẹ kò bá rí opłatek rà, àkàrà pẹlẹbẹ aláìníwùúkàrà èyíkéyìí tó lè ṣẹ́ á ṣe é.

Oúnjẹ méjìlá ni wọ́n ń kà, nítorí àwọn àpọ́sítélì, gbogbo ẹni tó bá jókòó sì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà yín. Àwọn ìyálé ibẹ̀ náà ń ka búrẹ́dì, wọ́n ń ka omi èso gbígbẹ tí wọ́n sè, wọ́n tilẹ̀ ń ka ẹja hẹ́rìǹgì lẹ́ẹ̀mejì bí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é bá jẹ́ méjì. Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ yọ sílẹ̀ ni barszcz, ọbẹ̀ pupa tí a fi bíítrúùtù ṣe, nítorí òun ló ń ṣí tábìlì. Òun náà ló ń fẹ́ ìpalẹ̀mọ́ tó pẹ́ jù. Ẹ bo kílò kan bíítrúùtù, ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ kó o sínú ìgò ńlá pẹ̀lú aáyù márùn-ún tí ẹ ti fọ́. Ẹ se omi lítà kan ààbọ̀, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan ààbọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, ẹ dà á lé e. Omi gbọ́dọ̀ bo bíítrúùtù mọ́lẹ̀. Ẹ fi àwo kékeré tẹ̀ ẹ́, nítorí ibi tó bá yọ sókè ni yóò bu. Ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ gbé e síbi tí ó lọ́wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Níbi tí ooru bá mú, ẹ tọ́ ọ wò láti ọjọ́ kẹta. Ìfófó funfun kì í ṣe nǹkan, ẹ fi ṣíbí gbọ́n ọn kúrò. Bó bá bu, tí ó ní irun dúdú tàbí irun aláwọ̀ ewé lórí, ẹ dà á nù.

Ní ọjọ́ kejìlélógún tàbí kẹtàlélógún, ẹ rẹ olú gbígbẹ sínú omi di ọjọ́ kejì, ẹ sì fi omi olú náà àti ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi se omi ọbẹ̀. Ẹ óò wá da omi kíkan bíítrúùtù sínú omi ọbẹ̀ gbígbóná lálẹ́ ọjọ́ 24. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fín, ẹ gbé e kalẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ hó. Ooru pípẹ́ ló ń pa àwọ̀ pupa náà, kíkan ló ń dá a dúró. Ọbẹ̀ tó bá hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá á di àwọ̀ ilẹ̀, kò sí ohun tí ẹ lè fi dá a padà. Àwọn kan máa ń fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kan sí i. Ó ń ran àwọ̀ tó ṣì wà lọ́wọ́, kò lè jí èyí tó ti kú.

Ẹja wọn ni káàpù, ẹja omi dídùn. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń rà á láàyè, wọ́n á jẹ́ kó máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ọpọ́n ìwẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọmọ á fún un lórúkọ, ọjọ́ 24 á wá di wàhálà. Àṣà yẹn ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Egungun tíńtìntín tó pẹ̀ka ló kún inú ẹran rẹ̀. Bí ẹ bá ti là á, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ara rẹ̀ léraléra títí dé awọ láì gé awọ já, kí ìlà kan má fi ju mìlímítà mẹ́rin jìnnà sí èkejì. Bí ẹ bá wá dín in, òróró á wọnú ìlà náà, á sọ egungun wẹ́wẹ́ di ohun tí eyín lè fọ́. Ẹja mìíràn tí kò ní egungun púpọ̀ kò sọ ọ́ di èké.

Dẹ́nmáàkì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn mọ́ ọmọdé. Wọ́n á jẹ pẹ́pẹ́yẹ tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí awọ rẹ̀ le gbáúgbáú, pẹ̀lú ọ̀dùnkún tí wọ́n yí nínú ṣúgà tó ti yọ́. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ìkẹyìn ni gbogbo ilé ń dúró dè: risalamande. Áámọ́ńdì kan ṣoṣo tó wà lódindi ló wà nínú rẹ̀, gbogbo ìyókù ni a ti gé wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá rí odindi yẹn kò gbọ́dọ̀ sọ. Á fi pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á máa bá wọn jẹun lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, títí ìrẹsì yóò fi tán nínú abọ́. Ìgbà náà ni á tó yọ ọ́ jáde gba ẹ̀bùn. Ẹ̀tàn yẹn ni ọgbọ́n eré náà: ó ń mú kí gbogbo wọn jẹ ìrẹsì tán.

Bí a ṣe ń sè é nìyí. Ẹ da omi díẹ̀ sínú ìkòkò, kí ó hó tán kí ẹ tó da mílíìkì lítà kan lé e. Omi yẹn ni kì í jẹ́ kí mílíìkì jó mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹ da ìrẹsì oníhóró kékeré 200 gíráàmù sí i, ẹ máa rò ó títí yóò fi hó, ẹ wá dín iná kù pátápátá, ẹ dé e, kó máa wú fún ìṣẹ́jú 35 sí 40. Ẹ gbé e sínú firíìjì mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ pò ó pẹ̀lú ṣúgà, fànílà àti áámọ́ńdì wẹ́wẹ́ 100 gíráàmù, ẹ fi kírímù tí ẹ ti lù títí ó fi dìde, bí ìdajì lítà, rò ó mọ́ ọn jẹ́jẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn da kírímù sí ìrẹsì tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Kírímù á yọ́, gbogbo rẹ̀ á di omi. Ìrẹsì tútù nini ni, èso ṣẹ́rì tí a sè tí a bù lé e lórí ni kó gbóná. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yòókù bóyá áámọ́ńdì ń bá ọmọ ẹnì kan jà lára. Odindi áámọ́ńdì sì lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́fun. Ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi odindi sí i.

Lẹ́yìn ìrẹsì ni wọ́n ń di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí wọ́n ń jó yí igi Kérésìmesì ká, wọ́n ń kọrin. Nítorí náà àárín yàrá ni igi gbọ́dọ̀ wà. Igi tó fara ti ògiri kò ṣeé yí ká. Àwọn ìdílé kan ṣì ń tan àbẹ́là gidi sára rẹ̀. Ẹ má dán an wò nínú ilé tí ọmọdé mẹ́jọ wà.

Ethiópíà ni ibi tí ààwẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ketekete jù lọ. Genna ni wọ́n ń pe ọdún náà. Ọjọ́ 43 gbáko ṣáájú rẹ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í fi jẹ ẹran, ẹyin, mílíìkì àti bọ́tà. Ẹ wá wo ohun tó wà nínú doro wat, ọbẹ̀ ọjọ́ ọdún: adìẹ, ẹyin sísè, àti bọ́tà tí wọ́n fi èròjà olóòórùn yọ́. Gbogbo ohun tí ẹnu ti pàdánù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló pé sínú ìkòkò kan ṣoṣo. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìgbààwẹ̀, ọbẹ̀ ata ló jẹ. N kò ní kí ẹ mú ọmọ gbààwẹ̀ ọjọ́ 43, ṣùgbọ́n bí ilé bá fi ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọkà nìkan, wọ́n á mọ ìyàtọ̀.

Òru ni wọ́n fi ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú aṣọ òwú funfun, lórí ìdúró, oúnjẹ á wá dé ní àárọ̀ ọjọ́ 7. Adìẹ kan ni wọ́n ń gé sí ọ̀nà méjìlá, wọ́n á fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò sí lára adìẹ, ara àlùbọ́sà ló wà. Kílò kan ààbọ̀ àlùbọ́sà pupa fún adìẹ kan, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni pé ẹ fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ dà á sínú ìkòkò láìsí òróró, láìsí omi. Iná kékeré, ẹ máa rò ó, fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Omi ara rẹ̀ á kọ́kọ́ jáde, á gbẹ, àlùbọ́sà á wá di pọ́tapọ̀ta aláwọ̀ ilẹ̀. Ìgbà náà ni bọ́tà àti ata lílọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní berbere tó wọlé: ṣíbí ìjẹun mẹ́rin sí mẹ́fà fún àgbàlagbà, méjì fún ilé tí ọmọdé pọ̀ sí. Ẹni tó bá kánjú da òróró sí àlùbọ́sà láti ìbẹ̀rẹ̀, dídín ló ń dín in; ọbẹ̀ rẹ̀ kì í ki, omi á máa sàn lórí, ata á máa ta lọ́fun. Kí adìẹ tó rọ̀ tán, ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà díẹ̀ sára ẹyin sísè kí ọbẹ̀ wọ inú rẹ̀, ẹyin kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Injera ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àkàrà pẹlẹbẹ ni, ìyẹ̀fun teff, ọkà wẹ́wẹ́ kan, ni wọ́n ń pò mọ́ omi, wọ́n á jẹ́ kó kan fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, nítorí náà ọjọ́ 4 ni kí ẹ pò ó. Ojú kan nìkan ni wọ́n ń dín in, wọ́n á dé e. Òkè rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú. Bí kò bá ní, ó ṣeé ṣe kó má tíì kan tó, tàbí kí agbada má gbóná tó. Abọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń jẹ, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní gursha: kí ènìyàn ká òkèlè tó dára jù nínú abọ́, kó fi sí ẹlòmíràn lẹ́nu. A kì í kọ̀ ọ́. Lọ́sàn-án, eré tó ń jẹ́ genna fúnra rẹ̀ ń bẹ, igi tó tẹ̀ lórí àti bọ́ọ̀lù onígi. Fún ọmọdé, ẹ lo bọ́ọ̀lù rírọ̀.

Ìlú Ọba kò ní wàhálà púpọ̀, àfi tòlótòló. Tòlótòló tó dì nínú fìríísà ń fẹ́ wákàtí 10 sí 12 nínú firíìjì fún kílò kọ̀ọ̀kan kó tó yọ́. Èyí tó bá wọn kílò méje, tí a fẹ́ gbé sínú ófùn láàárọ̀ ọjọ́ 25, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 21 ni kó ti jáde. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó sun ún, bí ẹ bá kan yìnyín, kò tíì yá. Ẹ má fi omi ṣàn án, kòkòrò àìfojúrí ara rẹ̀ ni ẹ óò fọ́n ká ilé ìdáná. Níbi tí itan rẹ̀ ti nípọn jù, tẹmọ́mítà gbọ́dọ̀ ka ìwọ̀n 70°C fún ìṣẹ́jú méjì ó kéré tán. Púdìn Kérésìmesì wọn ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti oṣù Kọkànlá: Àìkú tó gbẹ̀yìn kí Ádífẹ́ńtì tó dé ni gbogbo ilé ń rò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù ń wúre sínú. Wọ́n á sè é lórí ooru omi fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á tún sè é fún wákàtí méjì lọ́jọ́ ọdún. Bráńdì tí wọ́n ń dá iná sí lórí rẹ̀ kì í jó bó bá tutù. Inú ṣíbí ìbọbẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un lọ́wọ́ọ́rọ́ ná. Àgbà ni kó ṣe é, kó má sì da bráńdì látinú ìgò sórí iná tó ti ń jó.

Fún alẹ́ tó ṣáájú, Fílípíìnì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ 16 sí 24, wọ́n ń lọ sí Máàsì ní ìdájí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, fìtílà oníràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní parol a sì máa tan lójú fèrèsé wọn. Ẹ gé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́wàá, kí gígùn wọn dọ́gba, bí 50 sẹ̀ǹtímítà, àti kékeré márùn-ún, bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Márùn-ún gígùn á di ìràwọ̀ kan, márùn-ún yòókù á di ìkejì. Ẹ fi okùn so ṣóńṣó wọn àti gbogbo ibi tí igi ti kọjá lórí ara wọn. Ẹ gbé ìràwọ̀ méjèèjì lé ara wọn, ẹ so ṣóńṣó márààrún pọ̀, ẹ wá fi igi kékeré kọ̀ọ̀kan gbé wọn ya ní igun márùn-ún inú. Ìgbà yẹn ni yóò wú bí ìrọ̀rí. Bí ìràwọ̀ bá wọ́ sápá kan, igi gígùn ni kò dọ́gba, kì í ṣe okùn. Ẹ lẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ìrù méjì sí ìsàlẹ̀, gílóòbù kékeré tí kì í gbóná ni kí ẹ fi sínú, kì í ṣe àbẹ́là.

Bó bá jẹ́ Mẹ́síkò ni ìdílé náà mú, ọjọ́ mẹ́sàn-án kan náà ni. Apá kan á dúró síta pẹ̀lú àbẹ́là, wọ́n á máa fi orin bẹ̀bẹ̀ fún ibùsùn bí Jósẹ́fù àti Màríà, àwọn tó wà nínú ilé á máa fi orin lé wọn, títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí. Piñata oníwo méje ló máa ń tẹ̀lé e, ohun tí a gbé kọ́ tí súìtì kún inú rẹ̀, tí ọmọ tí a di lójú á fi igi fọ́; ìwo méje náà dúró fún ẹ̀ṣẹ̀ méje. Ìkòkò amọ̀ ni ti àtijọ́, àfọ́kù rẹ̀ sì ń gé ọmọ. Ẹ fi bébà líle ṣe é. Ẹ fi okùn fa ìlà sílẹ̀ ní mítà mẹ́ta sí ẹni tó ń fọ́ ọ, nítorí bí súìtì bá ti já bọ́, àwọn ọmọ kì í dúró kí igi kúrò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n di lójú.

Japan ńkọ́? Kò sí ìsinmi níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kéèkì funfun oníkírímù àti adìẹ díndín ni, láti ìgbà tí KFC ti polówó rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà ní 1974. Ó dára láti mọ̀, kò tó fi alẹ́ odidi kan ṣe. Iceland ni ẹ lè lẹ̀ mọ́ ti ẹnikẹ́ni láìnáwó: ìwé ni wọ́n ń fún ara wọn lálẹ́ ọjọ́ 24, wọ́n á sì kà á mọ́jú.

Ó ku ẹni tó ń mú ẹ̀bùn wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó pàdé. Ní gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn Jámánì, Jésù Ọmọ-ọwọ́ ni. Ní àríwá rẹ̀, bàbá onírùngbọ̀n. Ní Spéìn, àwọn Ọba Mẹ́ta ló ń mú un wá mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní. Ní Ítálì, arúgbó kan tó ń jẹ́ Befana ń wá ní òru kan náà. Ní Katalóníà, ìtì igi ni wọ́n ń da aṣọ bò, tí wọ́n ń bọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó nà án ní pàṣán títí yóò fi "yàgbẹ́" ẹ̀bùn. Ẹ fojú inú wo ẹ̀rín tí èyí máa pa àwọn ọmọ yín. Ní Ethiópíà, ẹ̀bùn kì í pọ̀, aṣọ tuntun ló jù. Nítorí náà, kí ìdílé tó mú Ethiópíà tètè sọ fún àwọn ọmọ kí ọjọ́ 7 tó pé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín lẹ́nu ọ̀nà ni ibi tí ẹ̀bùn wà.